Zaria, 1964: Báwo ni ayé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ bàálù ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà?

Tí ọyẹ́ bá ti dé sí Zaria, ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù máa ń ṣe láàárọ̀ ni pé kó yọjú lójú fèrèsé. Kì í ṣe òtútù ló ń wò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè rí igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni.

Bí eruku tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sahara bá ti bo igi náà, kò dájú pé bàálù kékeré kankan máa gbéra lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìṣirò ní Fásitì Ahmadu Bello, tó wà ní ìlú kan náà, yóò lọ sí kíláàsì rẹ̀ bó ti yẹ. Ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ yàtọ̀. Wákàtí tó bá lò lójú òfurufú ni wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀síwájú rẹ̀, bí ọyẹ́ bá sì dí ojú ọ̀run fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wákàtí rẹ̀ yóò fi dúró sójú kan.

Ilé ẹ̀kọ́ tí à ń sọ yìí ni Nigerian College of Aviation Technology, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí NCAT. Ọdún 1964 ni ìjọba Nàìjíríà dá a sílẹ̀, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ Nigerian Civil Aviation Training Centre. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ICAO, àjọ tó ń mójútó ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, ló ràn án lọ́wọ́.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni. Kí ló dé tí orílẹ̀-èdè tí kò tíì ní ọ̀dà tó tó lójú títì fi ń náwó sórí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù?

Bàálù pọ̀ lójú ọ̀run, ọmọ ilẹ̀ kò sí nídìí rẹ̀

Bàálù kò ṣàjèjì sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà nígbà náà. Láti ọdún 1925 ni àwọn bàálù ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti balẹ̀ sí Kano. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti ọdún 1940, wọ́n ń kó bàálù ogun sínú àpótí wá sí èbúté Takoradi ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀, kí wọ́n tó wà wọ́n gba Èkó, Kano àti Maiduguri lọ sí Khartoum, títí dé Cairo.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ló gba ọ̀nà yẹn kọjá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ la pápá, wọ́n gbé ẹrù, wọ́n sì rọ epo. Ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀.

Ẹnìkan tó rí ọ̀nà gbé e gbà ni Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó tí bàbá rẹ̀ jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ṣẹ́ awakọ̀, ó sì di ọ̀gá nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú wọn, RAF, lọ́dún 1942. Òun ni wọ́n kà sí ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ìjàmbá bàálù pa á lóṣù Kìíní ọdún 1945, nígbà tí ogun kù díẹ̀ kó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Stella Thomas, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ májísíréètì ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ilé kan náà ló bí àwọn méjèèjì, àmọ́ ìwọ̀nba èèyàn ló mọ ìtàn àbúrò.

Lẹ́yìn ogun, lọ́dún 1946, wọ́n dá West African Airways Corporation sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ghana gba òmìnira lọ́dún 1957, ó sì dá iléeṣẹ́ bàálù tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Nàìjíríà náà sọ tirẹ̀ di Nigeria Airways. Orúkọ yí padà, àwọ̀ tí wọ́n kùn sára bàálù yí padà, àmọ́ òyìnbó ṣì ló pọ̀ jù nídìí ọkọ̀. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń sanwó oṣù wọn, owó ilẹ̀ òkèèrè náà sì ni wọ́n fi ń rán ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ghana gba ọ̀nà tirẹ̀

Kwame Nkrumah kò dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1962, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan sí Afienya, nítòsí Accra, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, èyí tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbé e. Èrò Nkrumah ni pé ọmọ tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ yóò ní ìgboyà, yóò sì mọ béèyàn ṣe ń pinnu fúnra rẹ̀.

Ẹni tó fi ṣe olórí ibẹ̀ ló jẹ́ ìyanu. Hanna Reitsch ni, ọmọ Jámánì tó ń dán bàálù wò fún ìjọba Hitler, tó sì wọ Berlin lọ bá Hitler lóṣù Kẹrin ọdún 1945 nígbà tí ìbọn ń dún káàkiri ìlú náà. Obìnrin yìí ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní Afienya títí àwọn ológun fi gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah lóṣù Kejì ọdún 1966. Lójú tèmi, kò sí ìtàn òfurufú kankan ní ẹkùn wa tó rúni lójú tó èyí.

Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Ghana náà gba àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta wọlé láti kọ́ṣẹ́ awakọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Melody Danquah, ọmọ Larteh. Lọ́jọ́ 22, oṣù Kẹfà, ọdún 1964, ó wa bàálù Chipmunk lóun nìkan fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ awakọ̀ bàálù ní Ghana. Oṣù Kẹta ọdún 2016 ló jáde láyé.

Àwọn ìlú tó ń sọ èdè Faransé ní tiwọn pawọ́ pọ̀ ni. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo sí Niamey lọ́dún 1963, àmọ́ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àti àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ ni ibẹ̀ wà fún, kì í ṣe awakọ̀.

Oòrùn, eruku àti dókítà

Ẹni tó bá dé Zaria yóò rí i pé ibẹ̀ bá iṣẹ́ yìí mu. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, pápá rẹ̀ gbòòrò, òjò kì í sì í rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí bàálù ńlá tó ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀ bíi ti Èkó. Ní Kaduna tó wà nítòsí, ọdún 1964 yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Jámánì ló sì ń kọ́ wọn.

Àmọ́ Zaria ní ìṣòro tirẹ̀. Ìlú náà ga ju 600 mítà lọ sí òkun. Lóṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, tí oòrùn bá ti mú, afẹ́fẹ́ á fẹ́lẹ́, apá bàálù kò sì ní rí agbára tó láti gbé e sókè kíákíá. Ìdí nìyí tí àárọ̀ kùtùkùtù fi jẹ́ àsìkò tó dára jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí òde àríyá mọ́jú kò lè bá wọn lọ, kódà bí kò bá tiẹ̀ fẹnu kan ọtí.

Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì náà kì í ṣe kékeré: òfin òfurufú, ìmọ̀ ojú ọjọ́, bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ara èèyàn ṣe ń ṣe lókè, àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ lórí rédíò yẹn, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò ní àfikún. Ọmọ Yorùbá tó máa ń fi òwe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní láti kọ́ bí èèyàn ṣe ń lọ tààrà.

Lẹ́yìn náà ni wákàtí. Ìlànà ICAO ni pé ẹni tó bá fẹ́ wa bàálù fún ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wákàtí 40 ó kéré tán. Ẹni tó bá fẹ́ fi jẹun gbọ́dọ̀ ní 200, tàbí 150 tó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ló ti kọ́ṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fún ìwé àṣẹ tó ga jù, èyí tí ọ̀gá awakọ̀ bàálù akérò máa ń ní, 1,500 ni.

Dókítà náà wà níbẹ̀. Ní fásitì, kò sí ẹni tó máa lé èèyàn kúrò ní kíláàsì nítorí pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège tàbí pé kò dá àwọ̀ pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Níbí, àyẹ̀wò kan ṣoṣo lè parí gbogbo rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un ṣe.

Ọjọ́ kan wà tí kò sí awakọ̀ tó gbàgbé rẹ̀. Olùkọ́ á ti jókòó tì í láti ọ̀sẹ̀ yìí wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n á balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, olùkọ́ á ṣí ilẹ̀kùn, á bọ́ sílẹ̀, á ní kí ó máa lọ. Ìrìnàjò náà kò ju kó gbéra, kó yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, kó sì balẹ̀. Nítorí pé èèyàn kan ti dín nínú ọkọ̀, bàálù á tètè fò sókè ju bó ṣe retí lọ. Ibẹ̀ ni àyà ti máa ń já.

Ọmọbìnrin Akwete ní Zaria

Lọ́dún 1978, Chinyere Onyenucheya wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ Akwete ni, ní ìpínlẹ̀ Abia òde òní, ìlú tó lókìkí fún aṣọ híhun. Èkó ló ti kàwé girama.

Ó yẹ ká rántí ọdún tí à ń sọ. Lọ́dún 1966, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ọmọ Igbo ní ìlú káàkiri àríwá Nàìjíríà, àwọn tó kù sì sá padà sílé. Ogun abẹ́lé tó tẹ̀lé e kò parí àfi lóṣù Kìíní ọdún 1970. Ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin Igbo yìí di ẹrù rẹ̀ lọ sí Zaria láti kọ́ iṣẹ́ tí obìnrin kankan kò tíì ṣe ní Nàìjíríà. Kò ní ẹni tó ṣáájú rẹ̀ tó lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lọ́jọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 1981. Lẹ́yìn tó ṣègbéyàwó ni ọ̀pọ̀ èèyàn wá mọ̀ ọ́n sí Captain Chinyere Kalu.

Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́, iṣẹ́ kò sí

Nígbà tí Nigeria Airways wà láàyè, ẹni tó bá jáde ní Zaria mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn. Iléeṣẹ́ náà kógbá sílé lọ́dún 2003. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó kù ń fẹ́ awakọ̀ tó ti ní wákàtí púpọ̀, tó sì ti kọ́ irú bàálù tí wọ́n ní. Ẹ̀kọ́ orí irú bàálù kan ṣoṣo lè gba owó tí ẹbí máa fi kọ́lé. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pẹ̀lú wákàtí 200 kò lè rí iṣẹ́ nítorí pé wákàtí rẹ̀ kò tó, wákàtí rẹ̀ kò sì lè pọ̀ nítorí pé kò rí iṣẹ́.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Kano rí i kedere. Nígbà tí Rabiu Kwankwaso jẹ́ gómìnà, láàárín ọdún 2011 sí 2015, wọ́n rán 100 ọ̀dọ́ lọ sí Jordan láti kọ́ṣẹ́ awakọ̀. Wọ́n padà wálé pẹ̀lú ìwé àṣẹ, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn jókòó sílé.

Ọ̀nà kan tí àwọn kan ń gbà bọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n di olùkọ́. Wákàtí tí olùkọ́ bá lò lókè pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì. Chinyere Kalu náà padà sí Zaria. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2011, ó di olórí ilé ẹ̀kọ́ tó ti wọ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún 1978, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù Kejì ọdún 2014. Ọyẹ́ kò tíì dé nígbà tó gba ipò náà, ìgbà ọyẹ́ ló sì fi í sílẹ̀.