Tábìlì Àgùdà: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Ó Gba Kọ̀dóbà àti Bàhíà Dé Èkó

Tábìlì kan wà ní pálọ̀ ìyá bàbá mi ní Èkó nígbà tí mo wà ní kékeré. Ojú rẹ̀ kì í ṣe pákó kan ṣoṣo. Bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ọn, yóò rí i pé igi pupa, igi dúdú àti igi tí ó pọ́n bí ìyeyè ni a tò mọ́ra wọn tí wọ́n fi di ìràwọ̀ àti òdòdó. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó gbé e dúró jẹ́ igi yíyí: ibì kan wú bí àgbá, ibì kan sì tín-ín-rín bí ọrùn ìgò. Àwa ọmọdé a máa ti ìka bọ inú kòtò ara wọn nígbà tí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó yá, etí tábìlì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kí n má purọ́, àwa ọmọ ni a ń fi èékánná ká a. Wọ́n pe káfíńtà kan, ó fi fọ́míkà bo gbogbo ojú rẹ̀, ó sì kan ìṣó mọ́ ọn yí ká. Gbogbo ilé ni ó yìn ín, nítorí pé ó ń dán, omi kò sì lè bà á jẹ́ mọ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí a bò mọ́lẹ̀. Èmi náà kò béèrè títí mo fi dàgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn Àgùdà.

Awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ ojú pákó ni àwọn káfíńtà ń pè ní fìníà. Àwọn kan a máa wí pé ẹ̀tàn ni: igi olówó ńlá lóde, igi lásán nínú. Ẹni tí ó bá mọ ìwà igi kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Igi tí a gé lulẹ̀ kò dẹ́kun mímí; nígbà òjò a máa wú, nígbà ọyẹ́ a sì máa sún kì. Bí pákó kan ṣoṣo bá fẹ̀ jù, kò ní pẹ́ tí yóò fi lọ́ tàbí kí ó là. Nítorí náà ni àwọn ọ̀gá fi ń lo pákó tí ó ti gbẹ dáadáa fún inú, tí wọ́n sì ń fi igi iyebíye ṣe awọ fún un.

Wọn a fi ayùn la ìtì igi náà sí awẹ́ awẹ́ tí kò nípọn ju owó kọ́bọ̀ lọ. Bí wọ́n bá mú awẹ́ méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n ṣí wọn bí ẹni ṣí ìwé, ìlà ara igi yóò kọjú sí ara wọn bí ẹni tí ń wo dígí. Awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ń sè tí ó ń di àtè. Wọn kì í gbé ìkòkò àtè lé iná gan-an. Inú ìkòkò omi gbígbóná ni wọ́n ń gbé e sí, nítorí bí àtè bá jó, agbára rẹ̀ tán. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ́ fìníà náà, wọn a máa fi irin pẹlẹbẹ tì í láti àárín lọ sí etí kí atẹ́gùn àti àtè tí ó ṣẹ́ kù lè jáde. Ó yẹ kí wọ́n fi fìníà bo abẹ́ pákó náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀, àtè yóò máa fà á bí ó ti ń gbẹ, pákó náà yóò sì ká kò bí awọ tí a sá sí oòrùn. Ta ni ó ń wo abẹ́ tábìlì? Síbẹ̀ ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yanjú.

Ti ẹsẹ̀ yàtọ̀. Wọn a gbé igi há àárín irin ṣóńṣó méjì lórí ẹ̀rọ tí ń yí i. Oníṣẹ́ a máa fi ẹsẹ̀ tẹ pákó ìsàlẹ̀ kí igi lè máa yí, a ó sì máa fi irin mímú tì í títí yóò fi rí bí ó ti fẹ́. Ẹsẹ̀ kìn-ín-ní kò ṣòro. Kí ẹ̀kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jọ ọ́ ni wàhálà.

Níbo ni ọgbọ́n yìí ti wá? Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń lẹ awẹ́ igi mọ́ igi ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí a tó bí Ànábì Ìsá. Àwòrán àwọn oníṣẹ́ náà pẹ̀lú ìkòkò àtè wọn wà lára ògiri ibojì Rekhmire ní Thebes. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ó kọjá lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jọba ní ilẹ̀ Sípéènì. Ní ọdún 1137 ni àwọn oníṣẹ́ igi ìlú Kọ̀dóbà bẹ̀rẹ̀ mínbárì kan fún Ali ibn Yusuf, ọba àwọn Almoravid, fún mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní Marrakesh. Wọ́n to igi dúdú, igi pupa àti egungun mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó rí i yóò rò pé aṣọ ni a hun. Mínbárì náà ṣì wà ní Marrakesh. Orúkọ tí àwọn ará Sípéènì ń pe iṣẹ́ náà títí di òní, taracea, inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Nígbà tí ìjọba Mùsùlùmí parí ní Gìrànádà ní ọdún 1492, iṣẹ́ náà kò parí. Ọwọ́ àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ ni ó bọ́ sí. Àwọn Potogí, aládùúgbò wọn, náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbé iṣẹ́ igi tiwọn lọ sí Bùràsíìlì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí igi jakaranda, tí ó dúdú, tí ó sì le, tí ó dára púpọ̀ fún yíyí.

Àwọn wo ni ó wá ń ṣe iṣẹ́ náà ní Bàhíà? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè níbẹ̀ ní Nàgó sì wà lára wọn. Àṣà kan wà ní ìlú Salvador tí ẹrú fi ń jáde lọ wá iṣẹ́ ọwọ́ ṣe: yóò san iye tí olówó rẹ̀ dá lé e lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, èyí tí ó bá kù di tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà kan ṣe lè fi tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ ra ara rẹ̀ padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ rò ó wò: ẹsẹ̀ tábìlì tí ó yí lónìí, bóyá ìka ẹsẹ̀ tirẹ̀ kan ni ó rà padà.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, ní ìparí oṣù Ràmàdáànì, àwọn Mùsùlùmí ìlú náà dìde ogun sí ìjọba. Ìmàle ni a ń pè wọ́n, Malê ni àwọn ará ibẹ̀ pè é. Ilé tí ogun náà ti bẹ́ ni ilé Manoel Calafate, àgbàlagbà kan nínú ẹ̀sìn. Orúkọ iṣẹ́ ni Calafate yẹn: ẹni tí ń dí àlàfo ara ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Àwọn tí ó kú nínú wọn lé ní àádọ́rin. Ìjọba lé ọ̀pọ̀ jáde ní ìlú, wọ́n sì gbé owó orí lé àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ti ra ara wọn padà. Láti ìgbà náà ni ìpadàbọ̀ sí etíkun wa ti pọ̀ sí i. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Àjàṣẹ́ àti sí Èkó, pàápàá lẹ́yìn ọdún 1851 tí àwọn Òyìnbó lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè.

Ohun tí òkun kò lè gbà lọ́wọ́ wọn ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní Pópó Àgùdà, wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọ̀pá àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ igi yíyí, wọ́n sì gba ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá káfíńtà kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Balthazar dos Reis. Ní ọdún 1886, nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù fún iṣẹ́ àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba Òyìnbó, iṣẹ́ igi rẹ̀, irú èyí tí a fi oríṣiríṣi igi to àwòrán sí, gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1888, ni wọ́n tó fi òpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé Àgùdà kò ju ọmọ Kátólíìkì lọ. Mùsùlùmí wà nínú àwọn tí ó padà wá, iṣẹ́ wọn kò sì ṣẹ́ ẹ̀sìn sọ́tọ̀. Nígbà tí Mohammed Shitta fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní Èkó, João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ni ó fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam wá láti Liverpool gẹ́gẹ́ bí aṣojú Súltáánì ilẹ̀ Tọ́kì, Shitta sì gba oyè Bey lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n ọwọ́ tí ó ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí Sípéènì tún dé iwájú Mùsùlùmí ní Èkó, lẹ́yìn tí ó ti gba oko ẹrú kọjá.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ti lọ. Mọ́ṣáláṣí ńlá Èkó ti àtijọ́ ni a wó kí a tó kọ́ èyí tí a ṣí ní ọdún 1988. Ilé Ilojo ní Tinúubú, tí ìjọba ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Igi jakaranda gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó Bùràsíìlì; láti ọdún 1992 ni òfin gbogbo ayé ti ka títà rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ léèwọ̀.

Tábìlì ìyá bàbá mi ṣì wà. Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé, mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, mo sì rí fìníà níbẹ̀, kò ṣí rárá. Mo fi okùn òwú wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta dọ́gba. Ìkẹrin fi bí ìnípọn èékánná sanra ju àwọn yòókù lọ.