Kí Ló Ń Dún Nínú Mọ́tò Yìí?

Èyí ni àkọsílẹ̀ ohun tí mo sọ nínú ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí. Mo yọ àwọn ibi tí mo ti wúkọ́ kúrò. Ìyókù wà bí mo ṣe sọ ọ́.

Bóyá inú BRT lẹ wà, bóyá ẹ sì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí íápíìsì wà létí yín, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ etí la fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ojú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìlú Ọba. Bọ̀dá mi ní mọ́tò asáré kékeré kan, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní sports car: àga méjì péré, òrùlé aláṣọ, kò ga ju ìdí mi lọ. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tó ṣe mọ́tò náà kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Wọ́n ní kí n wọlé ká jọ jáde. Èmi náà gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi dání, mo sì ń fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lójú ọ̀nà nípa bí àwọn Yorùbá ṣe ń gbé ní London.

Nígbà tá a padà sílé lálẹ́, mo fi etí sí ohun tí mo gbà sílẹ̀. Inú bí mi. Lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí bọ̀dá mi sọ, nǹkan kan ń dún: ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́. Tá a bá sì bọ́ sínú kòtò, á dún kọ́! Wákàtí kan odindi, kò sí ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo lè gbé sáfẹ́fẹ́.

Mo lọ bá wọn ní pálọ̀. Mo ní, "Bọ̀dá mi, kí ló ń dún nínú mọ́tò yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti ń gbọ́ ọ. Ó ti mọ́ mi lára. Tí mo bá ti yí rédíò sókè, mi ò gbọ́ ọ mọ́."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn: "Ó ti mọ́ mi lára." A máa padà sórí ẹ̀.

Ọkùnrin tó kórìíra ìwúwo

Ká tó lè mọ ìdí tí mọ́tò fúyẹ́ fi máa ń dún, ẹ jẹ́ ká lọ sí Hornsey, ní àríwá London. Bàbá Colin Chapman ní ilé ọtí kan níbẹ̀. Lọ́dún 1948, nígbà tí Chapman ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ bíi tiwa, ó mú ògbólógbòó mọ́tò Austin Seven kan, ó tú u palẹ̀, ó sì tún un tò di mọ́tò ìdíje. Nígbà tó di 1952, ó dá ilé iṣẹ́ Lotus sílẹ̀.

Ìgbàgbọ́ Chapman kò le láti yé èèyàn. Ẹlòmíì tó bá fẹ́ kí mọ́tò sáré, ẹ́ńjìnnì ńlá ni yóò gbé sí i. Chapman ní rárá, ẹ yọ ẹrù kúrò lára rẹ̀. Mọ́tò tó fúyẹ́ á tètè gbéra, á tètè dúró tẹ́ ẹ bá tẹ búrẹ́kì, á sì yí kọ́nà láìfì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ́ńjìnnì ńlá kò lè fún yín ní gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí Chapman ń yọ kúrò yẹn, òun gan-an ló máa ń pa ariwo. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, fóòmù, ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú irin ilẹ̀kùn, rọ́bà ńlá láàárín ẹ́ńjìnnì àti ara mọ́tò, ìwúwo ni gbogbo wọn. Lọ́dún 1958, David Ogilvy kọ ìpolówó kan fún Rolls-Royce tó di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tó fi yangàn ni pé bí mọ́tò náà bá ń sáré 60 máìlì ní wákàtí kan, aago inú rẹ̀ ló ń dún jù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé mọ́tò ràgàjì ni Rolls-Royce ìgbà yẹn. Owó ni wọ́n fi ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ìwúwo ni wọ́n sì fi san án.

Mọ́tò tó di ìlù

Ní 1957, ọdún kan ṣáájú ìpolówó yẹn, Lotus gbé Elite jáde níbi àfihàn mọ́tò ní London. Peter Kirwan-Taylor ló ya ìrísí rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe jẹun. Mọ́tò yẹn kò ní ṣáṣì irin tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Fáíbà ni ara rẹ̀, fáíbà yẹn náà ló sì gbé ẹrù gbogbo. Kò sí ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ tà rí.

Ó rẹwà, ó sì fúyẹ́. Àmọ́ ẹ ronú sí i bí onílù. Ohun tó fẹ́lẹ́, tó le, tó sì ṣófo nínú, kí là ń pè é? Ìlù ni! Wọ́n wá fi bóòtì de jíà ẹ̀yìn mọ́ ara fáíbà náà tààrà, tí kò sí irin ṣáṣì láàárín. Gbogbo bí jíà ṣe ń hun lẹ́yìn ni àwọn tó jókòó nínú mọ́tò ń gbọ́. Nítorí bí gíláàsì ilẹ̀kùn ṣe tẹ̀ kọrọdọ, wọn kò lè yí i wálẹ̀ sínú ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ atẹ́gùn, àfi kó yọ gíláàsì ọ̀hún kúrò pátápátá.

Lotus kọ́gbọ́n. Nígbà tí Elan jáde lọ́dún 1962, Ron Hickman, ọmọ South Africa, ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n fi irin ṣe eegun ẹ̀yìn kan sáàárín mọ́tò náà, ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ mọ́tò wà lára rẹ̀, wọ́n wá gbé ara fáíbà lé e lórí. Ariwo kò tún rí ọ̀nà tààrà gbà dé etí awakọ̀. Síbẹ̀, mọ́tò náà kò ju nǹkan bíi 700 kìlógíráàmù lọ. Hickman yìí kan náà ló padà wá ṣe tábìlì iṣẹ́ Workmate, èyí tí Black & Decker ń tà káàkiri ayé.

Elan yẹn ni àwọn ará Japan wò nígbà tí Mazda ń ṣe MX-5, tí wọ́n fi hàn ní Chicago lọ́dún 1989. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan. Ní 1996, Lotus bẹ̀rẹ̀ sí í ta Elise, tí wọ́n fi orúkọ Elisa, ọmọ-ọmọ Romano Artioli tó ni ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, sọ. Alumíníọ́mù ni ṣáṣì rẹ̀, kìlógíráàmù 68 péré, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Gọ́ọ̀mù tó dáa máa ń di irin mú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ibi tí irin méjì ti pàdé. Nọ́ọ̀tì lè tú. Gọ́ọ̀mù kò ní ibi tí yóò tú sí.

Dókítà àti mẹkáníìkì

Ẹ jẹ́ ká yà sí ibòmíràn díẹ̀. Lọ́dún 1816, ní ọsibítù Necker ní Paris, dókítà kan tó ń jẹ́ René Laënnec fẹ́ gbọ́ bí ọkàn ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe ń lù. Ojú tì í láti gbé etí lé ọmọ náà láyà. Ló bá ká ìwé bíi páìpù, ó fi orí kan sí àyà rẹ̀, ó fi ìkejì sí etí ara rẹ̀. Ó gbọ́ ọ kedere ju bó ṣe máa gbọ́ ọ tó bá gbé etí lé e lọ. Bí ẹ̀rọ tí àwọn dókítà ń gbé kọ́rùn títí dòní ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ti rí mẹkáníìkì yín tó fi ẹnu súkúrúdiráfà kan ẹ́ńjìnnì, tó wá gbé etí lé ọwọ́ rẹ̀, àbí? Ọgbọ́n Laënnec nìyẹn. Inú irin ni ìró ń gbà, kì í jẹ́ kí ariwo tòkèèrè dàrú mọ́ tibẹ̀.

Àwọn tó ń wá ariwo mọ́tò ní ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n máa ń bi í. Èkíní: tí mọ́tò bá dúró, tẹ́ ẹ wá tẹ ẹ́ńjìnnì, ṣé ó ń dún? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ wo ara ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ló ń bú ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin pẹlẹbẹ tó bá bá ìwọ̀n yẹn dọ́gba yóò máa bá a jó. Èkejì: ṣé ó ń yára bí táyà bá ṣe ń yára? Ẹ wo ohun tó ń yí. Ẹ̀kẹta: ṣé inú kòtò nìkan ló ti ń dún? Ẹ wo ohun tó di ẹsẹ̀ mọ́tò mú.

Ẹ tún fi etí mọ irú ìró tó jẹ́. Tó bá ń han bí ilẹ̀kùn tí kò lépo, ohun méjì ló ń ha ara wọn. Tó bá ń dún kọ́kọ́kọ́, ohun méjì ló ń fi ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n tún ń padà kan ara wọn. Fún ti àkọ́kọ́, òróró tàbí aṣọ pẹlẹbẹ lè tó. Fún ìkejì, ẹ wá ohun tó tú.

Ọjọ́ Sátidé

Èmi àti bọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ń wa mọ́tò díẹ̀díẹ̀ gun òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré kù ní àdúgbò wọn, èmi gbé máíìkì dání, hẹ́dífóònù wà létí mi. Wọ́n ní kò sí ìgbà kankan tí àwọn rò pé iṣẹ́ rédíò tí mo kọ́ ní yunifásítì lè wúlò fún mọ́tò.

A rí èkíní lábẹ́ àga: owó ẹyọ kan. Èkejì, nọ́ńbà mọ́tò tó ń gbá ara ìdí mọ́tò. A ki fóòmù bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, irin bẹ́líìtì àga tèmi ló ń kan ike. Ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ tán. Bọ̀dá mi ní, "Ó parí!" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gun òkìtì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kọ́!

Nísinsìnyí tí àwọn kéékèèké ti dákẹ́, a wá gbọ́ èyí tó kù dáadáa. Iwájú ni, lápá òsì. A fi jáàkì gbé e, a ti ẹsẹ̀ irin sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa já lù wá, bọ̀dá mi sì mi táyà náà. Ó ń mì. Wọ́n tan iná fóònù sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan wà lára bóòtì tó de apá irin ìsàlẹ̀ mọ́ ṣáṣì. Wọ́n na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi yí i, ó sì yí.

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí ẹnì kan ti ṣiṣẹ́ sí ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fi mọ́tò yẹn gbé ọmọ wọn lọ sílé ìwé, ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà. Tí bóòtì yẹn bá yọ níbẹ̀, táyà yóò kọrí síbi tó wù ú. Wọn ò wà á mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e lọ ní Mọ́ńdè, wọ́n pààrọ̀ bóòtì náà, wọ́n sì fún un le bó ṣe yẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, o ṣé." Wọn ò sọ ju ìyẹn lọ. Èmi náà ò bèèrè.

Ṣaworo ta ni?

Ẹ wo ìyá ìlù dùndún. Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lára yípo. Tí onílù bá gbé ìlù náà, ṣaworo á máa dún, á sì dùn létí, torí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ so ó síbẹ̀ ni. Ariwo mọ́tò asáré náà rí bẹ́ẹ̀. Ohùn sàlẹ́ńsà MX-5 yẹn, àwọn ẹnjiníà jókòó tì í kí wọ́n tó gbà pé ó dùn. Ṣaworo wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹnikẹ́ni ò so, tó ń dún fúnra rẹ̀, ẹ má yí rédíò bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní igi gáńgánrán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ti mọ́tò, òkèèrè la ti ń gbọ́ ọ. Ohun tó ń dún nínú mọ́tò yín, tàbí nínú kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́, tó ti mọ́ yín lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ọ lónìí.

Ibi tá a máa dúró sí nìyí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.