Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn àti Kànga Yeyemolu

Òkúta ìnàró àti kànga mímọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Nàìjíríà. Àwọn méjèèjì wà nínú ìgboro ìlú, tí ilé, ọjà àti ọ̀nà ọkọ̀ yí ká.

Àdúgbò Mọ̀pá ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn dúró sí. Òpó òkúta akọ ni, gíga rẹ̀ tó mítà 5.5. Ìṣó irin ni wọ́n tò sí i lára, tí ìlà wọn pín sí mẹ́ta lókè. Àwọn tó ṣe é ti ní láti lu ihò sí òkúta líle yìí kí wọ́n tó ki irin bọ̀ ọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ọ̀pá ogun Ọ̀rànmíyàn, ẹni tó tẹ Ọ̀yọ́ dó, ni. Àwọn kan ní ojú sàréè rẹ̀ ni. Ìjì kan ṣẹ́ orí ọ̀pá náà ní 1884. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gbé e nàró padà.

Kànga Yeyemolu wà nínú ààfin Ọọ̀ni, ọba Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe ọdún Yeyemolu níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìdí rẹ̀ ní láti gba àyè lọ́wọ́ àwọn ará ààfin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1954 wà. Yàtọ̀ sí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, Ìdẹ̀nà, ère òkúta láti Igbó Orè ní Ilé-Ifẹ̀, jẹ́ ẹ̀rí mìíràn fún iṣẹ́ irin lára òkúta: ìṣó irin ni wọ́n fi ṣe irun orí rẹ̀.