Àwọn 87 tí Wọ́n Fẹsẹ̀ Rìn láti Argeliers

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé n óò gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko nínú oòrùn ilẹ̀ Faransé, tí kì í sì í ṣe pé mò ń sá fún gbèsè, n bá ní kó lọ yẹ orí ara rẹ̀ wò. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin, tó ti pẹ́ tó ń gbé ní Toulouse, ló tàn mí débẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Paris lẹ rí, ẹ ò tíì rí ilẹ̀ Faransé. Ẹ jẹ́ ká gba etí omi lọ sí ìlú àwọn ọlọ́tí." Bí mo ti gbọ́ "ọlọ́tí" báyìí, ara mi yá gágá.

Omi tó ń wí yìí kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá. Ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Canal du Midi ni wọ́n ń pè é. Pierre-Paul Riquet, ọmọ ìlú Béziers, ẹni tí ń bá ọba gba owó orí iyọ̀, ló gbé iṣẹ́ náà lé orí. Ọba Louis Kẹrìnlá fọwọ́ sí i ní 1666, wọ́n sì ṣí i ní 1681. Ó mà ṣe o, Riquet ti kú ní 1680, kò fojú rí i. Omi náà gùn tó 240 kìlómítà, láti Toulouse dé ọ̀sà Thau létí òkun. Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí àwọn ẹṣin ti máa ń fi okùn fa ọkọ̀ láyé àtijọ́. Ọ̀nà yìí ni àwa gbé kẹ̀kẹ́ lé. Wọ́n gbin igi ńláńlá kan tí à ń pè ní platane sí etí omi náà fún ìbòòji, ṣùgbọ́n láti 2006 ni àrùn kan ti wọ inú wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n sì ti gé. Bí a bá dé abẹ́ èyí tó kù, ìtura á bá wa. Bí a bá dé ibi tí wọ́n ti gé e, oòrùn á lù wá bí ẹni lu bàtá.

Ní Malpas, abẹ́ òkè ni omi náà gbà kọjá, nínú ihò tí wọ́n ti dá lu láti 1679. A so kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, a fẹsẹ̀ gun òkè Ensérune. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Àbàtà ńlá kan wà ní Montady láyé àtijọ́ tí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ ní 1247. Gbogbo kòtò tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ ló forí lé àárín gbùngbùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo gùn wá. Yàtọ̀ sí èyí, ọgbà àjàrà ni, ọgbà àjàrà ni, títí ojú fi mọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ mú yín dé gan-an ni abúlé kékeré kan tí ń jẹ́ Argeliers. A yà síbẹ̀ nítorí òùngbẹ. Bàbá arúgbó kan ń ta wáìnì nínú ilé ìkó-ọtí rẹ̀. Ó bu díẹ̀ fún wa tọ́ wò, ó wá sọ gbólóhùn kan tí ọ̀rẹ́ mi túmọ̀ fún mi. Ó ní wáìnì gidi ni o, kò sí ṣúgà ńbẹ̀. Mo ní, ta ló bi í? Àfi bí ẹni pé mo ti fẹ̀sùn kàn án. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ṣúgà ti pa èèyàn níhìn-ín rí." Ohun tó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, tí mo sì padà lọ kà fúnra mi, nìyí.

Kòkòrò kan ló kọ́kọ́ fà á. Inú àjàrà tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ni kòkòrò ọ̀hún bá wọlé, tí àjàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lápá gúúsù ilẹ̀ Faransé láti nǹkan bí 1863. Phylloxera lorúkọ rẹ̀. Ó kéré débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i, gbòǹgbò ló sì ń mu. Ní 1868 ni Planchon, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Montpellier, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i mú. Oògùn rẹ̀ yani lẹ́nu: àjàrà Amẹ́ríkà yìí kan náà ni. Gbòǹgbò tirẹ̀ kì í tètè kú, nítorí náà wọ́n ń so ẹ̀ka àjàrà Faransé mọ́ kùkùté àjàrà Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ara tù wọ́n, wọ́n gbìn ín ní àgbìnjù. Wọ́n fi òkè sílẹ̀, wọ́n kó wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n ń gbin irú tí ń so yanturu tí ọtí rẹ̀ kò sì lágbára. Wáìnì ilẹ̀ Algeria náà tún ń wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Èyí tó wá burú jù ni pé ní 1903 ìjọba dín owó orí ṣúgà kù. Ó wá rọ àwọn oníjìbìtì lọ́rùn láti da omi àti ṣúgà sórí èèpo àjàrà tí wọ́n ti fún tán, kí wọ́n jẹ́ kó kan, kí wọ́n sì tà á ní wáìnì. Àwa tí a ti ra ẹmu tí wọ́n fi omi là rí, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa? Owó wáìnì já wálẹ̀ débi pé ohun tí àgbẹ̀ ná sóko kò wọlé mọ́. Lójú tèmi o, ẹ̀bi àgbínjù wà lọ́rùn àwọn àgbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ta ni ebi ń pa tí yóò fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Ọkùnrin kan wà ní Argeliers tí ń jẹ́ Marcelin Albert. Wọ́n bí i ní 1851, ó ní ọgbà àjàrà, ó sì ní ilé ọtí. Orúkọ kòkòrò kan tí kì í dákẹ́ ariwo lórí igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ará abúlé fi ń pè é. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1907, òun àti àwọn mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ 87, fẹsẹ̀ rìn lọ sí Narbonne, láti lọ bá ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin rán wá wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sọ tẹnu wọn, wọ́n padà sílé. Ẹni 87 péré, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń ṣe ìpàdé, láti ìlú dé ìlú. Àwọn ọgọ́rùn-ún mélòó kan di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Narbonne, Béziers, Perpignan, Carcassonne, Nîmes. Nígbà tó fi di ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, ní Montpellier, èrò tó péjọ lé ní 500,000. Ẹ gbọ́ o, ọlọ́jà ilé ọtí ló kó wọn jọ! Lọ́jọ́ kejì, Ernest Ferroul, oníṣègùn tó jẹ́ olórí ìlú Narbonne, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ olórí ìlú àti abúlé sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ta àsíá dúdú. Wọn kò sanwó orí mọ́.

Georges Clemenceau ni olórí ìjọba. Ó kó sọ́jà wá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà wọ́n wá mú Ferroul lọ láàárọ̀, ìlú sì dàrú. Láàárín ọjọ́ méjì, ìbọn sọ́jà pa ènìyàn mẹ́fà ní Narbonne. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún tó wá sọ́jà. Ìròyìn dé etí àwọn sọ́jà ẹgbẹ́ kẹtàdínlógún tó wà ní Agde. Ọmọ agbègbè náà ni púpọ̀ nínú wọn, bàbá wọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n yìnbọn sí. Nǹkan bí 500 nínú wọn jí ọta ìbọn kó, wọ́n rin ìrìn òru lọ sí Béziers, wọ́n sì jókòó sí àárín ìlú. Àwọn ará ìlú gbé oúnjẹ àti wáìnì fún wọn. Lẹ́yìn àdéhùn pé a ò ní fìyà jẹ wọ́n, wọ́n padà. Ìjọba sì kó wọn lọ sí Gafsa, ní aṣálẹ̀ Tunisia. Ẹ fúnra yín ẹ wò ó bóyá ìyà nìyẹn àbí kì í ṣe ìyà.

Níbo ni Albert wà ní gbogbo àkókò yìí? Ó ti sá pamọ́, nítorí wọ́n ń wá òun náà. Ó yọ́ lọ sí Paris, ó sì bá Clemenceau fúnra rẹ̀ lójúkojú ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà. Ó rò pé òótọ́ inú lè tún ọ̀rọ̀ ṣe. Clemenceau bá a sọ̀rọ̀, ó ní kó padà lọ pẹ̀tù sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó wá na owó 100 faransi sí i pé kó fi wọkọ̀ ojú irin. Albert gbà á. Clemenceau pe àwọn oníwèé ìròyìn, ó sọ ọ́ fún wọn. Ó parí! Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń pè ní olùgbàlà láàárọ̀ di ẹni tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lálẹ́. Owó ọkọ̀ lásán ni o. Kò kọ́ ilé kan, kò ra ilẹ̀ kan. Ó kú ní 1921 gẹ́gẹ́ bí òtòṣì.

Òfin tí wọ́n ń fẹ́ sì jáde, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà náà, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn owó ọ̀hún. Olúkúlùkù àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ iye wáìnì tó ṣe, wọ́n sì gbé owó lé ṣúgà tí wọ́n bá fi ṣe wáìnì. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ ńlá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àwọn oníjìbìtì, wọ́n sì fi Ferroul ṣe olórí. Wọn kò fi Albert ṣe nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹrin, a gba ọ̀nà tí àwọn 87 náà lè gbà, láàárín ọgbà àjàrà, lọ sí Narbonne. Afẹ́fẹ́ kọjú sí wa, mo ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń ti kẹ̀kẹ́. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ ojú irin, ọ̀rẹ́ mi sáré lọ síwájú, ó ti ń yọ owó jáde láti sanwó ọkọ̀ mi dé Toulouse. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wojú mi, mo wojú rẹ̀, ni ẹ̀rín bá pa àwa méjèèjì débi pé ọlọ́pàá kan yíjú wò wá. Mo san owó mi fúnra mi.