Vespa Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà a máa gé mọ́gáàdì alùpùpù wọn nílé kí ó lè fúyẹ́. Ní Benin, ọ̀nà mìíràn ni àtúnṣe gbà: fífi kún ni. Àwọn ajórin wa sọ Vespa àtijọ́ di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n so àgbá mọ́ ọn fún kpayo, epo bẹntiróò tí a ń kó wọlé láti Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gùn ún jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ kò gbé. Ta ni yóò pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀daràn lásán? Síbẹ̀, ìtapàrà iná kan ṣoṣo tó láti jó wọn mọ́ ẹrù wọn. Àwa ará Collines ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí ibodè wà ní ìlà-oòrùn wa, mọ adùn epo náà. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Oṣù Karùn-ún 2023, kpayo gbówó lórí, èrè tí ó gbé ọkọ̀ wọ̀nyí ró sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.