Àjẹkù Ọdẹ àti Búrẹ́dì Funfun: Ohun Tí Ajá Kọ́ Wa Nípa Oúnjẹ

Ní Adó-Àwáyè, ìlú tí adágún Ìyàkẹ wà lórí òkè rẹ̀, àti káàkiri Òkè-Ògùn, àjẹkù ni oúnjẹ ajá ọdẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀: òkèlè àmàlà, èkọ, àti ìfun ẹran tí ọdẹ bá pa. Àṣà yìí kò ṣàdédé bá ajá lára mu. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Sweden fi hàn pé inú ajá ń da oúnjẹ oníyẹ̀fun ju inú ìkookò lọ, nítorí ó ti pẹ́ tí ajá ti ń bá ènìyàn jẹun.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń kìlọ̀ lónìí pé kí a ṣọ́ra fún oúnjẹ ènìyàn nínú àwo ajá? Ìtàn búrẹ́dì funfun dáhùn.

Láti àwọn ọdún 1920, àwọn ọlọ́lọ ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà ń fi afẹ́fẹ́ olóró kan, agene, sọ ìyẹ̀fun di funfun. Láàárín àkókò kan náà ni àìsàn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ajá jà: wọ́n á máa sáré kiri bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n á máa gbó, gìrì á sì mú wọn. Ní ọdún 1946, Edward Mellanby, oníṣègùn ará England, bọ́ ajá pẹ̀lú ìyẹ̀fun tí a fi agene sí, àìsàn náà sì dé. Nígbà tí ó fún wọn ní ìyẹ̀fun tí kò ní agene, àìsàn náà kò yọjú. Amẹ́ríkà pa agene tì ní ọdún 1949. Bìrìtéènì tẹ̀lé e ní àárín àwọn ọdún 1950. Wọn kò tíì rí ẹ̀rí pé ó pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n wọn kò dúró dè é.

Ìyẹ̀fun kọ́ ló jẹ̀bi, bí kò ṣe ohun tí wọ́n lù mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lónìí. Àmàlà lásán kò pa ajá. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ àti ti inú èròjà amọ́bẹ̀dùn ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣokoléètì ń da ọkàn rẹ̀ láàmú. Xylitol, adùn inú ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, lè pa á kíákíá.

Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn ajá lónìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá kí ó tó tú u sínú àwo.