Ẹni tó mọ ìjà ilé yín: àwọn amí Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn Lárúbáwá, 1914 sí 1919

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Orúkọ ìdílé kan ló wà lára orúkọ Saudi Arabia: ìdílé Saud. Kí ló dé tó fi jẹ́ tiwọn, tí kì í ṣe ìdílé Rashid tàbí ìdílé Hashim tí wọ́n jọ ń du agbára nígbà yẹn? Apá kan ìdáhùn náà wà nínú ìwé àṣírí tí àwọn amí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìjà ilé àwọn Lárúbáwá ló kún inú ìwé náà.

2/ Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn èèyàn wa. Ní 1914, ìjọba Ottoman ti Tọ́kì ló ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Lárúbáwá. Lórí ìwé nìyẹn o. Nínú aṣálẹ̀ gan-an, olórí ẹ̀yà lọba. Ẹ fi mẹ́ta yìí sọ́kàn:

• Ibn Saud, ní Riyadh. Ó gba ìlú náà padà lọ́wọ́ àwọn Rashid ní 1902.
• Ibn Rashid, ní Hail, olórí àwọn Shammar. Tọ́kì ló ń tì í lẹ́yìn.
• Sharif Hussein, ní Mẹ́kà, ọmọ ìdílé Hashim. Tọ́kì ló fi í sípò ní 1908.

Kò sí èyí tó fọkàn tán èkejì nínú wọn.

3/ Nígbà tí Tọ́kì wá gbè sẹ́yìn Jámánì nínú ogun, ọ̀rọ̀ di wàhálà fún Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mọ etíkun dáadáa. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọn ò mọ̀. Ta ló ń bá ta jà? Ta ló jẹ ta ní gbèsè ẹ̀jẹ̀? Ta ló fọmọ fún ta?

Ẹ má rò pé òfófó lásán nìyẹn o. Nínú aṣálẹ̀, kànga ní ẹ̀yà tó ni ín. Tẹ́ ẹ bá ní àwòrán ilẹ̀ tó dáa jù láyé, tẹ́ ẹ sì bá ẹni tó ni kànga jà, òùngbẹ ló máa pa yín.

4/ Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó mọ̀ ni obìnrin kan, Gertrude Bell. Ó kàwé ní Oxford, ó gbọ́ èdè Lárúbáwá, ó sì ti rin aṣálẹ̀ kí ogun tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1914 ó gun ràkúnmí dé Hail. Wọ́n gbà á lálejò, àmọ́ wọn ò jẹ́ kó lọ! Ó tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀.

5/ Ẹ wá wo nǹkan tó rí kó níbẹ̀. Ibn Rashid fúnra rẹ̀ ò sí nílé, ó ti lọ sógun. Ọ̀dọ́mọdé ni. Bell bá àwọn obìnrin ààfin sọ̀rọ̀, ó sì rí i pé ìyá àgbà ọba, Fatima, ló di àpò owó mú. Ó gbọ́ bí àwọn ọmọ ìdílé náà ṣe ń pa ara wọn lórí oyè. Ọkùnrin wo ló máa ráyè wọ ibi tí wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Èrò tó gbé kúrò níbẹ̀ ni pé ilé Rashid ti ń jó lẹ́yìn, ilé Saud ló ń bọ̀. Bó sì ṣe rí gan-an nìyẹn.

6/ Ẹlòmíì tó mọ̀ ni Captain William Shakespear, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Kuwait tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ Ibn Saud. Wọ́n rán an lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó dúró ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù January 1915, Ibn Saud àti Ibn Rashid pàdé lójú ogun ní Jarrab. Shakespear lè kúrò níbẹ̀, àmọ́ ó dúró. Wọ́n pa á.

Ibn Saud náà rí màbo lọ́dún yẹn. Ẹ̀yà Ajman kẹ̀yìn sí i, wọ́n pa Saad àbúrò rẹ̀, wọ́n sì sá lọ sí Kuwait. Wọ́n sì gbà wọ́n níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Kuwait, ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Ibn Saud. Ṣé ẹ ti ń rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ́?

7/ Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń ṣe é o. Austria náà ní tiwọn: Alois Musil, àlùfáà Kátólíìkì tó tún jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ó ti bá ẹ̀yà Rwala gbé tipẹ́ kí ogun tó dé. Nígbà tógun bẹ̀rẹ̀, wọ́n rán an padà pé kó parí ìjà àwọn olórí ẹ̀yà, kí wọ́n lè jọ dúró ti Tọ́kì. Kò bọ́ sí i. Ẹ̀tanú tó ti pẹ́ tó yẹn kì í ṣe nǹkan tí àlejò kan máa parí láàárín oṣù díẹ̀.

8/ Ní 1916, Gẹ̀ẹ́sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Cairo, orúkọ rẹ̀ ni Arab Bureau. Inú òtẹ́ẹ̀lì Savoy ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Gilbert Clayton, ọ̀gá àwọn amí, ló wà lókè wọn. D. G. Hogarth, tó ń hú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, wà níbẹ̀. T. E. Lawrence náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń tẹ ìwé àṣírí kan, Arab Bulletin, ìwọ̀nba ẹ̀dà díẹ̀ fún àwọn ọ̀gá nìkan. Bell lọ sí Basra ní tiẹ̀, ó ń kọ orúkọ ẹ̀yà, olórí wọn, ọ̀tá wọn, ibi tí wọ́n ti ń da ẹran.

9/ Báwo ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ìròyìn? Wọ́n ń bi ẹlẹ́wọ̀n ogun léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbọ́ tẹnu àwọn tó sá kúrò lọ́dọ̀ Tọ́kì. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: nígbà tí Hussein dìde sí Tọ́kì ní June 1916, ọ̀gá ológun tí Gẹ̀ẹ́sì fi sí Jeddah, Colonel Wilson, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lọ Hájì ni wọ́n pè é. Ọ̀gá Hájì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogun!

10/ Ibi tó dùn jù rèé. Ní July 1917, Auda abu Tayi, jagunjagun ẹ̀yà Howeitat, òun àti Lawrence gba Aqaba. Ìhà òkun ni Tọ́kì kọjú ààbò sí, àwọn yìí gba ẹ̀yìn wá láti inú aṣálẹ̀. Kò pẹ́ ni Lawrence gbọ́ pé Auda ń kọ lẹ́tà sí Tọ́kì! Ó sáré lọ bá a. Auda bú sẹ́rìn-ín: owó Tọ́kì lòun ń fi ọgbọ́n gbà. Lawrence fi kún ìlérí owó tirẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí Cairo pé kò sí ewu. Nínú ìwé tó kọ lẹ́yìn ogun, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kó hàn pé ìròyìn tóun fi ránṣẹ́ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀.

Ẹ dákẹ́ ná kẹ́ ẹ ro ìyẹn. Auda ń tan Tọ́kì, ó ṣeé ṣe kó máa tan Lawrence, Lawrence ń tan àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìròyìn yẹn ni wọ́n sì ń fi ṣe ètò ogun.

11/ Àwa máa ń sọ pé bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ nínú ìtàn yìí, ògiri náà ń wo alángbá. Nuri Shaalan, olórí àwọn Rwala, fi ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bá Tọ́kì rẹ́rìn-ín, ó bá Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín, títí tó fi mọ ẹni tó máa borí. Ìlú tó ti ń ra oúnjẹ fún àwọn èèyàn rẹ̀ wà lọ́wọ́ Tọ́kì. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

12/ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ńkọ́? Ẹ̀yà méjì làwọn náà. Àwọn ti Cairo ní Hussein ni káwọn tẹ̀ lé. Àwọn ti Íńdíà ní Ibn Saud ni. December 1915, wọ́n bá Ibn Saud tọwọ́ bọ̀wé. Nígbà tó yá, wọ́n ń fún un ní £5,000 lóṣù. Hussein ń gba wúrà tó ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ní 1917 wọ́n rán Philby sí Riyadh, ó sì rin aṣálẹ̀ já dé ọ̀dọ̀ Hussein kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀nà dáa. Inú Hussein ò dùn sí i rárá, kò sì jẹ́ kó gba ọ̀nà ilẹ̀ padà.

13/ Nígbà tí ìjà àwọn méjèèjì wá gbóná lórí ìlú Khurma, àwọn àgbà ní London rò pé ọmọ ogun Hussein ló máa ṣẹ́gun. May 1919, ní Turaba, àwọn Ikhwan ti Ibn Saud ya wọ àgọ́ Abdullah ọmọ Hussein lóru, wọ́n sì pa ọmọ ogun rẹ̀ bí ẹni pa ewúrẹ́. Agbára káká ni Abdullah fi bọ́. Owó Gẹ̀ẹ́sì ni ìhà méjèèjì ń jẹ.

14/ Ìyókù ò gba àlàyé púpọ̀. Hail bọ́ sọ́wọ́ Ibn Saud ní 1921, Mẹ́kà ní 1924. Ní 1932 ó pe gbogbo rẹ̀ ní Saudi Arabia. Gẹ̀ẹ́sì fi Faisal ọmọ Hussein jọba ní Ìráàkì, wọ́n fi Abdullah sí Jordan. Hussein fúnra rẹ̀ di ẹni tí wọ́n lé nílùú.

15/ Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Àwọn òyìnbó yẹn máa ń kọ ọ́ pé Lárúbáwá inú aṣálẹ̀ ò ṣeé gbára lé, pé owó ló ń darí wọn. Ṣùgbọ́n ní May 1916, oṣù kan ṣáájú kí Hussein tó dìde, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fohùn ṣọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Ta wá ni agẹmọ nínú wọn?

Àti pé wọ́n mọ orúkọ ẹ̀yà, wọ́n mọ kànga, wọ́n mọ ẹni tó ń bínú sí ta. Ìmọ̀ yẹn péye ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n lò ó láti fi jagun, wọn ò lò ó láti fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró ní Turaba. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń bi yín ní ìbéèrè púpọ̀ jù lórí ìjà ilé yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe.

Ó parí o. Ẹ bá mi pín in fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ jù ú sísàlẹ̀ níbí.